Má Yọ Ike Ẹnu Rẹ Torí Sẹ́mínà

Àsìkò sẹ́mínà tún ti dé. Àwa tí a wà ní ọdún àṣekágbá ń jáde síwájú kíláàsì lọ́kọ̀ọ̀kan, à ń fi ìṣẹ́jú 20 ṣàlàyé iṣẹ́ ìwádìí wa, àwọn olùkọ́ wa ń da ìbéèrè bò wá, àwọn ọmọ kíláàsì sì tẹjú mọ́ wa bí ẹni ń wo fíìmù. Bí ẹ bá fara balẹ̀ wo àwọn tó ń lo aligner láàárín wa, ìyẹn ike tẹ́ẹ́rẹ́ tó mọ́ gaara tí dókítà eyín fi ń tún eyín tò, ẹ ó rí i pé ohun kan náà ni ọ̀pọ̀ wọn ń ṣe. Bó bá ti ku ẹnì kan kó kàn wọ́n, wọ́n á yíjú sí ògiri, wọ́n á ki ìka bọ ẹnu, wọ́n á yọ ike náà, wọ́n á fi tíṣù wé e, wọ́n á sọ ọ́ sínú báàgì. Ìgbà náà ni wọ́n á tó lọ sọ̀rọ̀.

Bí ẹ bá bi wọ́n pé kí ló dé, ìdáhùn kan náà ni ẹ ó gbọ́: "Mi ò fẹ́ kí wọ́n fi mí rẹ́rìn-ín." Òótọ́ ni pé ike yẹn máa ń yí ìró s padà díẹ̀, pàápàá nígbà tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ẹnu. "Sọ̀rọ̀" á máa dún bí ẹni pé atẹ́gùn ń jò lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Àwa ọmọ ẹ̀ka ẹ̀kọ́ yìí nìyí, etí wa mú ju abẹ lọ. Ẹnì kan á gbọ́ ọ, á wojú ẹnì kejì, ẹ̀rín á sì ti bẹ̀rẹ̀ láti ìjókòó ẹ̀yìn.

Èmi náà ń lò ó, oṣù kọkànlá rèé. Ohun tí mo fẹ́ sọ kò gùn. Ẹni tó bá ń lo aligner tàbí retainer kò gbọdọ̀ yọ ọ́ torí pé ó fẹ́ bá èèyàn sọ̀rọ̀. Àwa tí a sì ń gbọ́ ọ, àwa tí a ń kọ́ ìmọ̀ ẹ̀dá-èdè, kò gbọdọ̀ mú kó pọn dandan fún un láti yọ ọ́. Ìdí méjì ni mo rí. Ọ̀kan wà lọ́wọ́ dókítà eyín. Èkejì wà nínú ẹ̀kọ́ fónẹ́tíìkì tí gbogbo wa kọ́ ní ọdún kìíní.

Wákàtí 22 lóòjọ́

Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé eyín dà bí òpó tí wọ́n fi sìmẹ́ǹtì rì mọ́lẹ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀. Láàárín gbòǹgbò eyín àti egungun tó gbé e dúró, àwọn fọ́nrán tẹ́ẹ́rẹ́ kan wà tó so wọ́n pọ̀. Bí nǹkan bá ń ti eyín jẹ́jẹ́ láìdáwọ́ dúró, ara á máa jẹ egungun tó wà níwájú rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, á sì máa hu egungun tuntun sí ẹ̀yìn rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni eyín ṣe ń rìn. Wáyà eyín tí a mọ̀ tẹ́lẹ̀ ń ṣe é, ike náà ń ṣe é. Ìyàtọ̀ ibẹ̀ ni pé ẹnikẹ́ni kò lè fọwọ́ ara rẹ̀ yọ wáyà, ṣùgbọ́n ike rọrùn láti yọ. Ohun tó mú un wu èèyàn náà ló lè ba iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́.

Ike kọ̀ọ̀kan kì í sábà sún eyín kan ju mílímítà 0.25 lọ. Bí ọ̀sẹ̀ kan tàbí méjì bá pé, bí dókítà bá ṣe là á sílẹ̀, a ó pa á tì, a ó fi òmíràn tó tẹ̀ lé e sẹ́nu. Ẹlòmíràn máa ń lo 20, ẹlòmíràn á lo 40 kí eyín rẹ̀ tó tò. Díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ fi ń wọgbà. Ṣùgbọ́n ẹlẹ́dẹ̀ tó ń tinú bọ̀ọ́, tó tún ń fà sẹ́yìn, kò ní wọgbà láéláé. Ìdí nìyẹn tí dókítà fi ń sọ pé kí ike wà lẹ́nu fún wákàtí 20 sí 22 lóòjọ́.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Wákàtí 24 ló wà nínú ọjọ́ kan. Bí a bá yọ 22 kúrò, 2 ló kù. Inú wákàtí méjì yẹn ni oúnjẹ àárọ̀, ti ọ̀sán, ti alẹ́ àti fífọ ẹnu gbọ́dọ̀ wọ̀. A kì í fi ike jẹun. A kì í fi mu tíì tàbí ẹ̀kọ gbígbóná, torí ooru máa ń yí i nírísí. A kì í fi mu mínírà, torí ṣúgà á há sáàárín ike àti eyín, á sì máa jẹ eyín níbẹ̀. Ọbẹ̀ epo pupa àti kọ́rì máa ń pa á láró títí ohun tó mọ́ gaara á fi di pupa rúsúrúsú. Omi lásán nìkan ni kò ní wàhálà. Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ràn àgbàdo sísun àti ẹpà, tí ẹ máa ń jẹ ẹyọ kan nísinsìnyí, ẹyọ kan lẹ́yìn náà, ẹ ó rí i pé ike yìí á lé ìpápánu lẹ́nu yín ju bí màmá yín ṣe lè lé e lọ.

Ní báyìí, ẹ wo akẹ́kọ̀ọ́ tó ń yọ ike rẹ̀ ní gbogbo ìgbà tó bá fẹ́ sọ̀rọ̀. Ó yọ ọ́ fún kíláàsì wákàtí méjì torí olùkọ́ lè pè é dìde. Ó yọ ọ́ fún ìjíròrò ẹgbẹ́ ní ọ̀sán. Ó yọ ọ́ nígbà tó fẹ́ ṣe ìdánrawò orin ní ṣọ́ọ̀ṣì ní ìrọ̀lẹ́. Ó tún yọ ọ́ kó tó gbé fóònù tí ọ̀rẹ́ rẹ̀ pè é. Nígbà tílẹ̀ bá fi máa mọ́, wákàtí 16 tàbí 17 ló lò. Eyín á ti máa padà síbi tó ti ń bọ̀. Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ike tuntun kò ní wọlé dáadáa. Bó bá tilẹ̀ wọlé, á máa dùn ún, àlàfo á sì wà láàárín ike àti eyín. Dókítà á ní kó padà sórí ti tẹ́lẹ̀, tàbí kí wọ́n tún ẹnu rẹ̀ wọ̀n látìbẹ̀rẹ̀. Owó tí òbí fi ẹ̀jẹ̀ àti òógùn kó jọ ló ń lọ bẹ́ẹ̀ yẹn, nítorí ìró kan ṣoṣo.

Ẹlòmíràn á ní, "Ìṣẹ́jú 20 sẹ́mínà dà nínú wákàtí 22?" Bó bá jẹ́ ìṣẹ́jú 20 nìkan ni, n kò ní kọ àpilẹ̀kọ yìí. Ìtìjú kì í mọ sí ìṣẹ́jú 20. Ìbẹ̀rù á ti bẹ̀rẹ̀ láti ìgbà tí èèyàn bá wọ ọgbà ilé ẹ̀kọ́, á sì bá a délé. Ẹ má sì gbàgbé tíṣù. Tíṣù ni sàréè ọ̀pọ̀ ike eyín. A wé e sínú tíṣù ní búkà, ẹni tó ń kó àwo rò pé ìdọ̀tí ni, ó sọ ọ́ nù. A wé e sínú tíṣù ní kíláàsì, a fi tíṣù kan náà nu ojú, a jù ú sínú agolo ìdọ̀tí. Ike kọ̀ọ̀kan ní kéèsì tí wọ́n ń kó o sí. Bí ó bá di dandan kó jáde lẹ́nu, inú kéèsì ni kó lọ tààrà.

Ẹ sì má rò pé ọ̀rọ̀ ọdún kan lásán ni. Bí eyín bá tò tán, retainer ló kàn, ìyẹn ike tí kò ti eyín síbì kankan, tó kàn ń dá a dúró. Ìdí ni pé àwọn fọ́nrán inú ẹran ìdí eyín máa ń fẹ́ fa eyín padà bí rọ́bà tí a fà gùn, egungun tuntun náà kò sì tíì le. Ọ̀pọ̀ dókítà á ní kí èèyàn lò ó tọ̀sán-tòru fún oṣù mélòó kan, lẹ́yìn náà kó máa lò ó sùn. Títí di ìgbà wo? Títí di ìgbà tí èèyàn bá ṣì ń fẹ́ kí eyín rẹ̀ wà bó ṣe wà. Láti ara retainer gan-an ni èrò aligner òde òní ti wá. Zia Chishti, tó ti lo wáyà eyín nígbà tó ti dàgbà, ṣàkíyèsí pé ike tí wọ́n fún un lẹ́yìn wáyà lè sún eyín tó bá ti yẹ̀. Òun àti Kelsey Wirth, tí wọ́n jọ lọ sí Yunifásítì Stanford ní Amẹ́ríkà, dá ilé iṣẹ́ Align Technology sílẹ̀ ní 1997, èyí tó ń ṣe Invisalign. Nítorí náà, ẹni tó bá ń tijú láti fi ike sọ̀rọ̀ ti mú ìtìjú ọlọ́jọ́ pípẹ́.

Ibi tí ìró s ti ń jáde

Ẹ jẹ́ ká wá sí oko tiwa. Kí ni ike yìí ń ṣe sí ìró gan-an?

Gbogbo wa la mọ ìró s: kọ́ńsónáǹtì àfèrìgìpè ni, àfúnnupè ni, àìkùnyùn ni. Iwájú ahọ́n á sún mọ́ èrìgì, á fi ọ̀nà tóóró kan sílẹ̀ láàárín, èémí á gba ibẹ̀ kọjá pẹ̀lú agbára, á sì lu ẹ̀yìn eyín iwájú. Ariwo tí a ń pè ní s nìyẹn. Ó wá yé wa ìdí tí ike fi ń dà á láàmú. Ike bo eyín níwájú àti lẹ́yìn, etí rẹ̀ sì dé ẹ̀bá èrìgì. Lóòótọ́, kò nípọn tó mílímítà kan, ṣùgbọ́n ìró s kì í gba gbẹ̀rẹ́. Bí ọ̀nà èémí bá yí padà bó ti wù kó kéré mọ, etí á gbọ́ ọ.

Ìró ṣ àti j náà lè yí díẹ̀, torí tòsí ibẹ̀ ni wọ́n ti ń wá. Ìró f lè yí ní ọjọ́ àkọ́kọ́, torí ètè ìsàlẹ̀ tó máa ń kan eyín òkè ti wá ń kan ike. Ó parí. Ike kò rí b àti m mú, torí ètè méjèèjì ni. Kò rí k àti g mú, torí ẹ̀yìn ẹnu lọ́hùn-ún ni. Kò rí p àti gb mú, bẹ́ẹ̀ ni kò rí àwọn fáwẹ̀lì wa mú débi tí a ó fi pariwo.

Ìró ohùn ńkọ́? Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti dùn mọ́ mi jù. Tán-án-ná ló ń ṣiṣẹ́ ìró ohùn, nínú gògóńgò, ní ìsàlẹ̀ jìnnà sí ibi tí eyín wà. Ọkọ, ọkọ́, ọkọ̀ àti ọ̀kọ̀ kò mọ̀ bóyá ike wà lẹ́nu tàbí kò sí. Ní èdè tí ohùn ń ṣe iṣẹ́ tó pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ nínú ìtumọ̀, ẹni tí ìró s rẹ̀ yí díẹ̀ kò sọ ohun púpọ̀ nù.

Ó tún kù. Ìró tí ike máa ń sọ s dà sún mọ́ èyí tí àwọn ẹlẹ́dẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ń fi th kọ sílẹ̀ níbẹ̀rẹ̀ "think". Ní èdè Gẹ̀ẹ́sì, èyí lè dá ìṣòro sílẹ̀, torí "sink" wà, "think" náà sì wà. Yorùbá kò ní irú ìró bẹ́ẹ̀ rárá nínú fóníìmù rẹ̀. Bí s bá yà sí ọ̀nà yẹn, kò sí fóníìmù mìíràn tí yóò fẹsẹ̀ kọlù. "Sí" kò di "ṣí", "sàn" kò di "ṣàn", "sú" kò sì di "ṣú". S ló ṣì jẹ́ létí ẹni tó gbọ́ Yorùbá, ó kàn wọ aṣọ mìíràn ni. Bí ẹnì kan bá ní òun kò gbọ́ ohun tí ọ̀rẹ́ wa oníke ń sọ, ẹ bi í bóyá kò gbọ́ ọ ni, tàbí ó ń gbádùn ẹ̀rín.

Ahọ́n ń kọ́ ọ̀nà tuntun

Ìròyìn ayọ̀ ni pé ìyípadà yìí kì í pẹ́. Ahọ́n mọ ẹnu bí ẹni tó ti gbé yàrá kan fún ọdún 20: ó lè rìn níbẹ̀ nínú òkùnkùn. Bí a bá gbé àga tuntun sáàárín yàrá yẹn, á kọ́kọ́ fẹsẹ̀ gbá a. Lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan, á máa gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá láìronú. Etí ló ń kọ́ ahọ́n: a sọ̀rọ̀, a gbọ́ ara wa, ọpọlọ rí i pé s kò dún bó ti yẹ, ó sún ahọ́n díẹ̀, ó tún gbìyànjú.

Àwa onímọ̀ ẹ̀dá-èdè ló yẹ kó mọ èyí ju ẹnikẹ́ni lọ, torí àwa gan-an ti ń fi ike sẹ́nu èèyàn látọjọ́ pípẹ́. Ẹ rántí ẹ̀rọ electropalatography. Wọ́n á wọn àjà ẹnu ènìyàn, wọ́n á ṣe ike tẹ́ẹ́rẹ́ tó bá a mu, wọ́n á to àwọn ojú iná kéékèèké sí i lára, kí kọ̀ǹpútà lè fi ibi tí ahọ́n ń kàn hàn. Irú èyí tí wọ́n ṣe ní Yunifásítì Reading ní Britain ní ojú iná 62. Kí wọ́n tó gba ohùn ẹni tó wọ̀ ọ́ sílẹ̀, wọ́n máa ń ní kó kọ́kọ́ fi í sẹ́nu fúngbà díẹ̀, kó máa fi sọ̀rọ̀, kó lè mọ́ ọn lára. Àwọn onímọ̀ mìíràn ti mọ̀ọ́mọ̀ fi àjà ẹnu àtọwọ́dá tó nípọn sẹ́nu àwọn tó yọ̀ǹda ara wọn láti wo ohun tí s yóò dà. S kọ́kọ́ bàjẹ́. Nígbà tí wọ́n sì ti fi sọ ọ̀pọ̀lọpọ̀ gbólóhùn tó kún fún s, ó ń tún ara rẹ̀ ṣe.

Ẹ ṣàkíyèsí ohun tó tún un ṣe: ọ̀rọ̀ sísọ. Ìdákẹ́jẹ́ kọ́, yíyọ ike sílẹ̀ sì kọ́. Ẹni tó bá ń yọ ike rẹ̀ nígbàkigbà tó bá fẹ́ sọ̀rọ̀ kò fún ahọ́n rẹ̀ láyè láti kọ́ ohunkóhun. Ìdí nìyẹn tí ìró s rẹ̀ fi máa wà bẹ́ẹ̀ ní oṣù kẹfà, tí òun náà á sì máa sọ pé, "Ṣé ẹ rí i? Mo ní mi ò lè fi í sọ̀rọ̀." Àwọn àgbà ní ahọ́n àti eyín ń jà. Wọ́n ń jà, wọ́n sì ń parí rẹ̀ fúnra wọn, bí a kò bá ti máa là wọ́n lójoojúmọ́.

Ní tèmi, bí ọ̀sẹ̀ méjì ni mo fi sọ̀rọ̀ bí ẹni tó há ẹyin sẹ́nu. Nígbà tó di ọ̀sẹ̀ kẹta, ọ̀rẹ́ tí a jọ ń gbé yàrá kò mọ ìgbà tó wà lẹ́nu mi mọ́. Bí mo bá pààrọ̀ sí tuntun, ó lè yí fún ọjọ́ kan, ó tán. Ohun tí mo ṣe kò ju pé mo ń kàwé sókè ní alaalẹ́, mo sì ń tún gbólóhùn kan tí mo fẹnu ara mi hun sọ: "Sùúrà sáré sọ fún Ṣẹ́gun pé ọṣẹ ti sọnù sínú ìṣasùn." Ẹ gbìyànjú rẹ̀ nígbà mẹ́wàá. Ẹni tí kò ní ike lẹ́nu pàápàá á kọsẹ̀.

Ṣé àwa ló yẹ kó máa rẹ́rìn-ín?

Ẹ̀yin tí ẹ ka Bíbélì mọ ìtàn inú ìwé Àwọn Onídàájọ́, orí kejìlá. Àwọn ará Gílíádì dúró ní etí odò Jọ́dánì, wọ́n ń ní kí ẹni tó fẹ́ kọjá sọ pé "Ṣíbólẹ́tì". Ẹni tó bá sọ pé "Síbólẹ́tì" ti fi hàn pé ará Éfúráímù ni òun, ikú ló kàn. Ìtàn náà sọ pé 42,000 ló kú. Nítorí s àti ṣ! Olùkọ́ tó ń kọ́ni ní ìmọ̀ èdè àti àwùjọ kò ní parí sáà ẹ̀kọ́ láìmẹ́nu ba ìtàn yìí. Gbogbo wa á mi orí, a ó ní ìwà ìkà ni.

Nílé wa níbí ńkọ́? Ẹni tó dàgbà ní Ìbàdàn, tó ń pe iṣu ní "isu", tó ń pe iṣẹ́ ní "isẹ́", ọmọ ọdún kìíní ló lè pè é ní ẹni tó ń ṣi ọ̀rọ̀ pè. Nígbà tó bá di ọdún kejì, a ti kọ́ ọ pé ẹ̀ka-èdè ni, pé ó ní ìlànà, pé kò sí ẹ̀ka-èdè kan tó ju èkejì lọ. A ti kọ ọ́ nínú ìdánwò, wọ́n sì ti fún wa ní máàkì. Báwo la ṣe wá ń jáde nínú gbọ̀ngàn ìdánwò náà láti lọ fi ẹlẹgbẹ́ wa rẹ́rìn-ín torí s?

Ẹ tún ro iṣẹ́ pápá wa wò. Nígbà tí a bá lọ sí abúlé láti lọ gba ọ̀rọ̀ àwọn àgbà sílẹ̀, ẹ̀ẹ̀melòó la ti jókòó síwájú bàbá tí eyín iwájú rẹ̀ ti kán tán, tí s rẹ̀ ń fẹ́ atẹ́gùn ju ti oníke èyíkéyìí lọ? Ṣé a rẹ́rìn-ín? Rárá o. A na fóònù sí wọn lẹ́nu, a ní "Ẹ ṣeun, Bàbá, ẹ jọ̀ọ́ ẹ tún un sọ", a délé, a kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ láìfi ẹyọ kan ṣòfò. Etí wa lè ṣe é. Ọ̀wọ̀ la fi ń ṣe é fún Bàbá. Ọ̀wọ̀ yẹn náà ló yẹ kí a ná fún ẹni tó bá wa jókòó lórí bẹ́ǹṣì kan náà.

Ohun tí àwọn kan á sọ

Àwọn kan á ní máàkì wà fún kí ọ̀rọ̀ èèyàn já gaara ní sẹ́mínà. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n jíjá gaara kì í ṣe ti ìró kan. Ẹni tó ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tí ajá ń lé, tó ń ka gbogbo ohun tó wà lójú bébà láìgbójú sókè, kò já gaara, ì báà má ní ike lẹ́nu. Ẹni tó rọra sọ̀rọ̀, tó sọ ọ́ létòlétò, já gaara, kódà bí s rẹ̀ bá yí.

Mo gbà pé ibì kan wà tó yẹ kí ike jáde. Bí ẹ bá yọ̀ǹda ohùn yín fún ẹni tó fẹ́ fi kọ̀ǹpútà ṣe ìtúpalẹ̀ kọ́ńsónáǹtì, ẹ yọ ọ́, tàbí kí ẹ sọ fún un pé ó wà lẹ́nu, kí ìwádìí rẹ̀ má baà wọ́. Àwọn àgbà ẹ̀ka wa tó ń ka ìròyìn lórí rédíò náà lè bá dókítà wọn jókòó ṣètò tiwọn, torí ohùn ni oúnjẹ wọn. Sẹ́mínà kò sí lára ìyẹn.

Àwọn mìíràn á ní àṣà Òyìnbó ni, pé Yorùbá tó ń yin eléjì kò ní ohunkóhun í fi ike ṣe. Mo fẹ́ràn èjí, n kò bá ẹnikẹ́ni jiyàn lórí ẹwà rẹ̀. Ṣùgbọ́n èdè wa fúnra rẹ̀ ní gbólóhùn náà "pa èjí" nínú. Ẹni tí kò bí i mọ́ eyín ni wọ́n ń pa á fún. Nítorí náà, títún eyín ṣe nítorí ẹwà kò bá ọkọ̀ òkun wá. Gbogbo ẹni tó ń lo ike kọ́ ló sì ń lò ó fún ẹwà. Eyín ẹlòmíràn gun ara wọn débi pé búrọ́ọ̀ṣì àti orín kò lè dé àárín wọn, oúnjẹ á há síbẹ̀, ẹran ìdí eyín á máa wú, á máa ṣẹ̀jẹ̀. Ẹni tó bá ní èjí tó sì fẹ́ràn rẹ̀, kó sọ fún dókítà kí wọ́n tó ya àwòrán eyín náà sórí kọ̀ǹpútà. Wọ́n lè to èyí tó kù kí wọ́n fi èjí rẹ̀ sílẹ̀. Ohun tó burú ni kí èèyàn dákẹ́ kí wọ́n dí i, kó wá padà máa ṣàárò rẹ̀.

Nítorí náà

Ẹ̀yin tí ẹ ń lò ó, ẹ fi í sẹ́nu lọ síwájú. Ẹ má pààrọ̀ sí tuntun ní àárọ̀ ọjọ́ sẹ́mínà, ẹ dúró di alẹ́ ọjọ́ náà, torí ọjọ́ àkọ́kọ́ ló máa ń dùn jù, ìgbà náà ni s sì máa ń yí jù. Ẹ ka iṣẹ́ yín sókè pẹ̀lú ike lẹ́nu fún ọjọ́ mélòó kan ṣáájú. Bí ọkàn yín kò bá balẹ̀, gbólóhùn kan ti tó níbẹ̀rẹ̀: "Ẹ jọ̀ọ́, ike eyín wà lẹ́nu mi." Lẹ́yìn náà, ẹ gbàgbé rẹ̀, kí ẹ sọ ohun tí ẹ wá sọ.

Ẹ̀yin olùkọ́ wa, ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá wa fi gbólóhùn kan kún ìlànà sẹ́mínà tí ẹ máa ń lẹ̀ mọ́ ara pátákó: pé a kò ní yọ máàkì lórí ìró tó yí nítorí ike tàbí wáyà eyín, nítorí eyín tó kán, tàbí nítorí bí Ọlọ́run ṣe dá ẹnu ẹni. Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá ka ìyẹn ní àárọ̀ ọjọ́ sẹ́mínà rẹ̀ kò ní máa wá ògiri tí yóò yíjú sí.

Ẹ̀yin ará ìjókòó ẹ̀yìn, ẹ fi etí tí ẹ fi ń gbọ́ ìró s gbọ́ ohun tí onítọ̀hún ń sọ. Bí ẹ bá ṣì rí ohun tó yẹ kí ẹ fi rẹ́rìn-ín nínú iṣẹ́ ìwádìí rẹ̀, ẹ nawọ́ sókè, kí ẹ bi í ní ìbéèrè.